Òkè Ìdáàṣà, Sòbìà àti Ajá Ilé Wa

Òwe kan wà tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, ìbáà ṣe ará Ìdáàṣà, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Kétu tàbí ará Ìbàdàn: bí sòbìà bá degbò, olúgànbẹ ni à á ké sí. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ọ̀ràn bá le débi pé ẹnì kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká a. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ní Dassa-Zoumè lónìí pé kí ni sòbìà, òwe náà nìkan ni yóò lè pa fún wa. Kò rí àìsàn náà rí. Kò rí ẹni tí aràn ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́ igbe ẹni tí ó ń jẹ irú ìrora bẹ́ẹ̀.

Ohun ayọ̀ ni èyí, a kò sì kọ àpilẹ̀kọ yìí láti da ẹ̀rù bo ẹnikẹ́ni. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ṣẹ́gun sòbìà, ẹ̀rí sì wà. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ̀ ni pé aràn tí a lé kúrò lára ènìyàn ti rí ilé mìíràn gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fojú sí. Ilé náà ni ara ajá. Níwọ̀n bí ajá sì ti wà ní gbogbo agboolé wa, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Omi láàárín àpáta

Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń kà mọ́ Ìdáàṣà, tí àwọn tí ń sọ Faransé fi ń pè é ní ìlú òkè 41. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàńhọ̀mè ń wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn òkè yìí ni àwọn baba ńlá wa sá sí. Àpáta gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò fún ni lómi. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn kúrò lórí òkúta lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Díẹ̀ á dúró sínú ihò àpáta àti kòtò, ìyókù á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga lè gbẹ́ ẹ títí ọkọ́ yóò fi kan òkúta, kí ó má sì tíì rí omi.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, adágún tí kò tíì gbẹ ni gbogbo ohun alààyè ń lò pọ̀. Obìnrin ń pọn ún, àgbẹ̀ tí ń ti oko bọ̀ ń bọ́ sínú rẹ̀ láti ṣan ẹsẹ̀, màlúù àwọn Fúlàní ń mu níbẹ̀, ajá ọdẹ náà sì ń lá tirẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni sòbìà fẹ́ràn. Kò yani lẹ́nu pé ẹkùn Zou, tí Ìdáàṣà wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá Collines sílẹ̀ ní 1999, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àìsàn yìí ti fojú àwọn ènìyàn rí màbo ní Bẹ̀nẹ̀.

Bí sòbìà ṣe ń ṣiṣẹ́

Sòbìà, tí àwọn Faransé ń pè ní ver de Guinée, kò lè dá gbé inú omi títí láé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn lọ́wọ́ kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà, bí a bá sì dí ọ̀nà náà, ó parí.

Nínú adágún ni àwọn kòkòrò omi kan wà, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wọn. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí a máa gbé ọmọ sòbìà mì. Bí ènìyàn bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, kòkòrò omi yóò kú nínú ikùn, ọmọ sòbìà yóò sì jáde, yóò gba ara ìfun kọjá wọ inú ara lọ. Ibẹ̀ ni akọ àti abo ti ń pàdé. Akọ á kú, abo á máa dàgbà láàárín ẹran ara títí yóò fi gùn tó ìdajì mítà, òmíràn a tilẹ̀ tó mítà kan. Ní gbogbo àkókò yìí, tí ó tó nǹkan bí ọdún kan, ẹni náà kò mọ ohun kan. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń rìnrìn àjò.

Lẹ́yìn èyí ni abo yóò wá sí abẹ́ awọ, ní ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sì mú kí awọ náà wú bí ẹni tí iná jó. Ìrora rẹ̀ ń ta bí iná. Ẹni tí ó ń jóná kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wá omi tútù. Bí ó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ adágún, awọ á bẹ́, sòbìà á yọ orí, á sì tú àìmọye ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi á gbé wọn mì, ẹlòmíràn á mu omi náà, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí oògùn tí ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí ó ti ṣe é rí lè tún ṣe é lọ́dún tí ń bọ̀. Ìwòsàn rẹ̀ kò yí padà láti ayé àwọn baba ńlá wa: a ó máa fi igi kékeré ká a jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá já sínú, egbò ńlá ni yóò dá. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn Dogon ilẹ̀ Málì pè é ní àìsàn àká òfìfo, nítorí àgbẹ̀ tí kò lè dìde kò lè gbin nǹkan, ẹni tí kò sì gbìn kò ní rí ohun tí yóò kó sínú àká.

Bí a ṣe lé e lọ

Ní 1986, nígbà tí Carter Center, ilé iṣẹ́ tí Jimmy Carter tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í darí ìjà yìí pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF, a ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ni sòbìà ń bá jà lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè 21. Ní Nàìjíríà nìkan, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á láti abúlé dé abúlé ní 1988 sí 1989, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ní Bẹ̀nẹ̀, ó lé ní 37,000 ní 1990.

Kì í ṣe oògùn olówó ńlá ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni, nítorí kòkòrò omi tí ó gbé ọmọ sòbìà mì kò lè gba ojú aṣọ tí ihò rẹ̀ wẹ́ kọjá. Ní ìlú Ìdèrè ní Ìbàràpá, ní ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ará ìlú jọ ṣiṣẹ́ lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Lẹ́yìn aṣọ ni kànga ẹ̀rọ, tí àwa níhìn-ín ń pè ní forage, èyí tí ń fa omi láti ìsàlẹ̀ àpáta níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oògùn Abate tí a ń dà sínú adágún láti pa àwọn kòkòrò omi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àwọn ènìyàn abúlé tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń di egbò, tí wọ́n sì ń bẹ aláìsàn pé kí ó má ṣe wọ inú omi.

Ní 2004 ni Bẹ̀nẹ̀ rí ẹni tí sòbìà mú kẹ́yìn nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ní 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán níbẹ̀. Tógò gba tirẹ̀ ní 2011, Nàìjíríà ní 2013, Gánà ní 2015. Láàárín 2021 sí 2024, iye ènìyàn tí sòbìà mú ní gbogbo àgbáyé kò kọjá 15 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi èyí wé mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, a ó rí i pé díẹ̀ ló kù kí ó parẹ́ pátápátá.

Ibi tí ajá ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Ṣùgbọ́n díẹ̀ tí ó kù yìí kò fẹ́ tán, ajá sì wà lára ìdí rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí wọn kò fi gbọ́ pé sòbìà mú ẹnikẹ́ni. Ní 2010 ó tún yọjú. Ẹnu ya àwọn onímọ̀, nítorí àìsàn náà kò rìn bí ó ti máa ń rìn tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn kan bá ṣe é ní abúlé, ogún yóò ṣe é lọ́dún kejì, nítorí adágún kan náà ni wọ́n ń mu. Ní Ṣáàdì, ẹnì kan ṣe é níhìn-ín, ẹlòmíràn ṣe é lọ́hùn-ún, láìsí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ní 2012 ni wọ́n rí ìdí rẹ̀: sòbìà ń jáde lára àwọn ajá abúlé tí ó wà lẹ́bàá odò Chari. Nígbà tí wọ́n yẹ aràn ara ajá àti ti ara ènìyàn wò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 2019 nìkan, iye ajá tí wọ́n rí sòbìà lára wọn ní Ṣáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000.

Báwo ni ó ṣe dé ara ajá? Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹja a máa jẹ kòkòrò omi. Àwọn apẹja á tú ìfun ẹja dà sí etí odò. Ajá á jẹ ẹ́ ní tútù. Ènìyàn náà lè kó o bí ó bá jẹ ẹja tí kò jinná dáadáa. Lẹ́yìn ọdún kan sòbìà á jáde lẹ́sẹ̀ ajá, ajá á sì wọ inú omi, nítorí ìrora ń ta òun náà bí iná. Ènìyàn ni a lè bẹ̀ pé kí ó má ṣe wọ adágún. Ajá kò gbọ́ èdè.

Kì í ṣe Ṣáàdì nìkan. Wọ́n ti rí i lára ajá ní Málì, ní Etiópíà, ní Kamẹrúùnù lẹ́bàá ẹnubodè Ṣáàdì, àti ní Àngólà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rò pé sòbìà wà kí ó tó mú ènìyàn kan ní 2018. Ní Etiópíà, wọ́n rí i lára ìnàkí pẹ̀lú. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sún ọdún tí ó fẹ́ kí sòbìà tán láyé sí 2030.

Àwọn àgbà ní ajá kì í roro kí ó ṣọ́ ojúlé méjì. Ajá kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n aràn tí ó wà lára rẹ̀ lè ṣe é: ó ń gbé ojúlé ajá, ó sì ń gbé ojúlé ènìyàn.

Àwọn tí ó wà pẹ̀lú wa nísinsìnyí

Sòbìà kò sí lára ajá Ìdáàṣà lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn aràn àti kòkòrò mìíràn wà tí ajá ilẹ̀ wa ń gbé kiri, tí wọn kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan pé wọ́n ti lọ.

Èkíní ni aràn gbọọrọ funfun inú ìfun ajá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Toxocara. Ọmọ ajá a máa gbà á láti inú ìyá rẹ̀ kí a tó bí i, a sì tún máa mu ún pẹ̀lú wàrà. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ajá jáde. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú ilẹ̀ kí ó tó lágbára, lẹ́yìn náà ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún. Ọmọdé tí ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, tí ó wá ti ọwọ́ bọ ẹnu, á gbé ẹyin náà mì. Nínú ara ènìyàn, ọmọ aràn náà kò rí ọ̀nà ìfun tí ó mọ̀. Yóò máa rìn gbéregbère lọ sí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá wọ ojú, ó lè fọ́ ojú náà.

Èkejì ni aràn kékeré tí ẹnu rẹ̀ dà bí ìkọ́, tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ajá nínú ìfun. Ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ilẹ̀ tútù tí ajá yàgbẹ́ sí, ó sì ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé. Lára ènìyàn, abẹ́ awọ ni ti ajá sábà máa ń mọ. Á máa fa ìlà pupa tí ń wọ́ kiri bí ipa ejò kékeré, yíyún rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Ẹ̀kẹta ni jìgá, tí àwa Yorùbá ti mọ̀ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni ní Áfíríkà. Láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ọkọ̀ ojú omi kan ti gbé e dé Àngólà ní 1872, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká. Abo jìgá a máa wọ inú awọ ẹsẹ̀, á sì wú níbẹ̀. Ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé e, nítorí náà ẹni tí ó ń yọ jìgá lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì wo ẹsẹ̀ ajá ilé, asán ni làálàá rẹ̀.

Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe aràn, ṣùgbọ́n a kò lè sọ̀rọ̀ ajá kí a fò ó. Ẹni tí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àrùn náà bá ti fi ara hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pípa ajá kọ́ ni ojútùú

Nígbàkígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ohun tí àwọn kan máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí a pa gbogbo ajá tí ń rìn kiri láìní olówó. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Ohun tí ó mú ajá wá sí ibi kan ni oúnjẹ: ìfun ẹran tí alápatà dà sílẹ̀, pàǹtírí ẹ̀yìn ọjà, ìyókù oúnjẹ tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá sí ihò àpáta Àrígbò nínú oṣù kẹjọ ọdún. Bí a bá pa ajá mẹ́wàá, tí oúnjẹ náà ṣì wà nílẹ̀, mẹ́wàá mìíràn yóò dé, a kò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti wá tàbí ohun tí ó wà lára wọn. Ajá tí ó ti gba abẹ́rẹ́, tí ó sì ti lo oògùn aràn, odi ni ó jẹ́ fún wa.

Ajá pẹ̀lú kì í ṣe àlejò nínú ayé wa. Òun ni ó ń ṣọ́ oko, òun ni ó ń bá ọdẹ wọ igbó, òun sì ni ẹran Ògún. Ẹni tí ó ń jẹ èrè ajá ni ó yẹ kí ó gbé ẹrù ajá.

Ẹrù náà kò wúwo púpọ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ajá ní oògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ méjì tí a bí i, kí a sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú. Dókítà ẹranko ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí a máa ṣa ìgbẹ́ ajá kúrò lágbàlá kí ó tó di ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyin aràn fi ń lágbára. Kí a ri ìfun ẹja àti ti ẹran mọ́lẹ̀ tàbí kí a sun ún. Kí ọmọdé wọ bàtà, kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Kí ẹni tí kò ní omi mìíràn ju ti adágún lọ fi aṣọ wíwẹ́ sẹ́ ẹ kí ó tó mu ún.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ó bá mu omi sòbìà ní ilẹ̀ òkèèrè lè dé Ìdáàṣà, kí ó gbé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Bí ó bá wá jáde, ìwé ẹ̀rí 2009 kò ní dá a dúró. Ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nìkan ni ó lè dá a dúró. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú tí ń jáde lára ènìyàn tàbí lẹ́sẹ̀ ajá, ẹ má ṣe fà á já, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹni náà tàbí ajá náà súnmọ́ adágún. Ẹ so ajá náà mọ́lẹ̀, ẹ fún un lómi nínú igbá, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe relais communautaire àdúgbò yín tàbí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní Ṣáàdì, wọ́n ń san owó fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ajá kan tí a so mọ́lẹ̀ lákòókò lè gba odindi abúlé là.

Ẹ̀yin àgbà Ìdáàṣà, Glazoué, Savalou, Bantè, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè, àpá sòbìà ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín. A bẹ̀ yín, ẹ fi han àwọn ọmọ ọmọ yín, kí ẹ sọ bí ó ti rí, bí ó ti ń ta, àti adágún tí ẹ ti mu ún. Òwe olúgànbẹ nìkan kò lè kọ́ wọn ní ohun tí ojú yín ti rí.